Fèrèsé Tó Ń Jò Nínú Kárafáànù Yín

Bàbá mi àtàtà,

Mo ti tún fèrèsé kárafáànù yín ṣe. Oṣù keje rèé tí ẹ ti fi wá sílẹ̀, Sátidé tó kọjá ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ráyè. Ẹ má bínú.

Ó ṣì wà níbi tí ẹ gbé e sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ní Becontree Heath. Ilé onítáyà tí àwọn òyìnbó fi ń lọ ṣe fàájì létí òkun, ẹ̀yin sọ tiyín di ilé àdúrà. Ẹ tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sí i, ẹ gbé àbẹ́là síbẹ̀, bàtà ò sì gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Màámi a máa fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ pé ṣọ́ọ̀ṣì yín nìkan ló ní táyà ní London. Ṣùgbọ́n òórùn ọ̀rinrin ibẹ̀ ti sú wọn, wọ́n fẹ́ pe àwọn tó ń kó ohun àtijọ́ kí wọ́n wá wọ́ ọ dànù. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbìyànjú.

Ṣé ẹ rántí ìgbà tí ẹ ní kí n wá wo fèrèsé tó ń jò náà? Iṣẹ́ fèrèsé ni mo fi ń jẹun, láti Barking títí dé Whalebone. Síbẹ̀, gọ́ọ̀mù tí a fi ń dí etí fèrèsé ni mo kàn fà yí tiyín po láti ìta, lórí gọ́ọ̀mù àtijọ́, kíá kíá, mo sì bá tèmi lọ. Bó bá jẹ́ ti oníbàárà ni, mi ò jẹ́ dán an wò. Láti ìgbà náà, tí mo bá wá kí yín, ẹnu ọ̀nà ni mò ń dúró sí, torí ọ̀lẹ ò jẹ́ kí n tú okùn bàtà iṣẹ́ mi. Ẹ ò fi ìgbà kan ráhùn.

Ní Sátidé, mo bọ́ bàtà. Kí n tó gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta, ìbọ̀sẹ̀ mi ti rin gbingbin. Ibi tí eékún yín ti tẹ kápẹ́ẹ̀tì wọlé, lábẹ́ fèrèsé, ibẹ̀ ló tutù jù. Nígbà tí mo yọ férémù, pákó abẹ́ rẹ̀ ń fọ́ bíi búrẹ́dì tó já sómi. Gọ́ọ̀mù tèmi ló dí ọ̀nà tí omi ì bá gbà jáde, ló bá ń ṣàn sínú ilé. Ọwọ́ sùtánà yín kan wà nínú àlàfo tí omi ń gbà wọlé, ẹ gé e, ẹ ká a, ẹ fi dí i.

Bàbá, ẹ̀yin tí orúnkún ń dùn! Inú omi tútù lẹ ń kúnlẹ̀ sí, tí ẹ ń pe orúkọ mi sí Ọlọ́run. Kí ló dé tí ẹ ò pariwo mọ́ mi? Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Ó dùn mí dé egungun.

Mo pààrọ̀ pákó, mo ha gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò, mo fi tuntun sábẹ́ férémù bó ṣe yẹ. Mo fi ẹ̀rọ amúlégbóná mú kápẹ́ẹ̀tì gbẹ fún ọ̀sẹ̀ kan.

Òjò ńlá rọ̀ láàárọ̀ yìí. Èmi àti Màámi wọlé láìwọ bàtà. Màámi fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ abẹ́ fèrèsé síhìn-ín sọ́hùn-ún, wọ́n sì lọ mú àbẹ́là wá. Wọn ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ́ ọ dànù mọ́.

Mo kúnlẹ̀ sójú eékún yín. Ó gbẹ. Mi ò rí àdúrà kankan gbà, ẹ̀yin ni mo ń bẹ̀.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó pẹ́ kó tó bọ́ bàtà.