Bàálù Onígi Tí Rédà Kò Rí

Ìlá-Ọ̀ràngún, 1994

Pamílẹ́rìn ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ àtàwọn ọmọ tí n kò tíì fojú kàn. Orúnkún ṣì ń yọ ìyá rẹ lẹ́nu.

A rí fọ́tò bàálù tí o fi igi àti aṣọ kàn, Ọ̀gá Awakọ̀. Mo kà á pé irú wọn kì í hàn dáadáa lójú rédà tí wọ́n fi ń ṣọ́ bàálù. Ìyá rẹ ní, "Igi àti aṣọ? Ṣebí òun la fi sin bàbá mi!"

Jọ̀ọ́, ra ẹ̀rọ tí ń dá rédà lóhùn, kí bàálù ńlá má baà gbá ọ. Ọlọ́run yóò ṣọ́ ọ. Ọdún mẹ́sàn-án la ò ti rí ọ nílé. Ó kéré tán, jẹ́ kí àwọn àjèjì tó ń wo rédà rí ọ.

Bàbá rẹ,
Hezekiah