Bàbá Orí Ìtàgé

Ojúlé Kẹrìnlá,
Òpópónà Akínlẹ́yẹ,
Ìkòtún, Ìpínlẹ̀ Èkó.
Ọjọ́ Kẹwàá, Oṣù Keje, 2025.

Ọmọ́wùnmí, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Bàbá Dọ̀tun ńkọ́? Dọ̀tun fúnra rẹ̀ ńkọ́, ṣé ikọ́ yẹn ti fi í sílẹ̀? Ara tèmi le, àmọ́ inú ń bí mi.

O rántí àwọn ọmọ tó ń sùn sábẹ́ ìsọ̀ lọ́jà Ìkòtún, tí mo ń kọ́ ní ewì àti eré? A ṣe eré wa lóṣù tó kọjá, lórí ẹ̀tọ́ ọmọ láti kàwé. Ṣàkírát, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ló ké ewì; Nasir, ọ̀dọ́mọkùnrin tí irùngbọ̀n ò tíì hù, ló ṣe bàbá rẹ̀. Obìnrin kan tó ni ilé-ìwé ní Ìpájà sunkún títí, ó fi gèlè nujú. Ó dìde lójú gbogbo èrò, ó ní kí Ṣàkírát máa bọ̀ níléèwé òun lọ́jọ́ Ajé. Ọmọ náà ò fẹ́ bọ́ yunifọ́ọ̀mù tí a yá fún eré mọ́.

Nígbà tó débẹ̀, wọ́n ní kó lọ mú bàbá rẹ̀ wá. Bàbá tó ti kú! Láìsọ fún mi, ó lọ mú bàbá tó ní: Nasir, tòun ti agbádá àti irùngbọ̀n òwú. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa mí nígbà tí mo gbọ́, kí ẹkún tó dé. Obìnrin tó pàtẹ́wọ́ fún Nasir yìí náà ló pè wọ́n ní oníjìbìtì, tó ní kí wọ́n lé wọn síta. Mo lọ bẹ̀ ẹ́.

“Àǹtí, ẹ má bínú jàre,” ló wí. “Táwọn òbí bá gbọ́ pé ọmọ ìta wà ní kíláàsì, wọ́n á kó ọmọ wọn lọ ni.”

Ẹnu dùn ún ròfọ́ lóòótọ́.

Lánàá, ó tún ránṣẹ́ sí wa. Ó fẹ́ kí a wá ṣe eré kan náà níbi ayẹyẹ ìparí ọdún ẹ̀kọ́ wọn, kí Ṣàkírát sì ké ewì. Mo bi ọmọ náà bóyá yóò lọ.

“Àǹtí Fàtíà, kí wọ́n ṣe é fúnra wọn ṣá. Wọ́n mọ eré ṣe jù wá lọ.”

Bá mi kí Bàbá Dọ̀tun. Ọ̀la ni ọjọ́ ìdánrawò wa, mi ò mọ ojú tí màá fi wo àwọn ọmọ náà.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ,
Fàtíà.