Ẹṣin Tí Ìyá Mi Ń Béèrè

Àǹtí Ọmọ́yẹmí, ẹ kú ohùn tó ń tù wá lára. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dárúkọ mi. Lápá Datcha níbí, ní Tógò, ẹṣin eré ìje ni mo ń tọ́jú fún ọ̀gá mi.

Ìyá mi, tó ń taṣọ l'Atakpamé, kò fẹ́ràn iṣẹ́ yìí. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá wòran, ẹṣin wa ló gba ipò kìíní. Gbogbo èèyàn ń jó, èmi nìkan ń fa ẹṣin kiri. Ìyá mi figbe ta: "Ṣé ẹrú ni wọ́n fi ọmọ mi ṣe ni? Múra, ká lọ!"

Mo ní, "Màámi, ẹ fọwọ́ kan àyà ẹṣin yìí." Ó ṣì ń lù kì-kì-kì. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí ọ̀gá kọ́ mi nìyí: ẹṣin tó sáré tán kì í dúró lójijì, à á fà á rìn títí èémí rẹ̀ á fi balẹ̀. Ìyá mi nujú, ó gba okùn, a jọ rìn.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run àti ọ̀gá mi. Ṣùgbọ́n ní báyìí, tí ìyá mi bá pè, "Ẹṣin mi ńkọ́? Ṣé ó jẹun?" ló máa sọ. Tó bá ti gbọ́ èsì, ó pa fóònù nìyẹn. Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ bá mi dá sí i: nínú èmi àti ẹṣin, ta lọmọ rẹ̀?