Bàbá Rẹ Ní Òrùlé Ń Jò

Ìbàdí-àrán ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìjókòó, mo kí ọ kú làálàá. Ṣé dáadáa ni gòjé ńlá tí ẹ ń pè ní ṣẹ́lò yẹn wà? Apá tó ń fà á kò ní rọ, ìka tó ń tẹ okùn rẹ̀ kò ní wú. A délé láyọ̀, ewúrẹ́ ti bímọ kí a tó dé, ẹ̀gbọ́n rẹ sì ti jẹ gbogbo ẹyin tó wà nílé tán.

Jẹ́ kí n ròyìn ìrìn àjò wa fún ọ, torí èrò ò jẹ́ ká sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. O kúkú mọ̀ pé láti ìgbà tó o ti fi iṣẹ́ lọ́yà sílẹ̀ tó o lọ gbá gòjé mú, bàbá rẹ kì í gbé ìpè rẹ. Bó o bá ti pè, á ní òun ń fọ eyín. Àwọn ará àdúgbò tó ní ẹjọ́ ilẹ̀, ó ń sọ fún wọn pé kí wọ́n ṣe sùúrù, ọmọ òun kàn ń sinmi ni. Ìdí nìyí tí mi ò fi sọ ibi tí à ń lọ fún un. Mo ní dókítà eyín la fẹ́ lọ rí, pé fífọ̀ náà ti pọ̀ jù.

Tíkẹ́ẹ̀tì ibi orin yín tó o fi ránṣẹ́ sórí fóònù dẹ́rù bà mí. Mo rí àmì dúdú wínníwínní, mo rò pé èèrà ló wọ inú rẹ̀, mo fi aṣọ nù ún títí, èèrà ò lọ. Àfi ìgbà tí ọkùnrin ẹnu ọ̀nà tan iná sí i tó dún píì, ló bá ní kí n wọlé. Bàbá rẹ na àtẹ́lẹwọ́ tirẹ̀ náà kí wọ́n tan iná sí i kó lè dún. Nígbà tó wá rí àwòrán rẹ lára ògiri, ìwọ àti gòjé, ó wò mí, ó ní ṣé dókítà eyín nìyẹn. Ó jókòó, ó ká apá mọ́ àyà gbagidi, ó ní òun ò ní pàtẹ́wọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Bí ìwọ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ olórin ṣe jáde, gbogbo yín wọ dúdú. Mo rọra bi ìyá àgbà tó jókòó tì mí pé ta ló kú, wọ́n ní ẹni tó kọ orin náà ni, pé ó ti kú tipẹ́. Mo di ọwọ́ wọn mú, mo ní kí wọ́n mú ọkàn le, Ọlọ́run á dá àwọn tó kù sí.

Ìjókòó rẹ ò kọ́kọ́ tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹsẹ̀ tí mo kọ́ ọ láti kékeré pé kó o máa pa pọ̀, o yà á síta níwájú ọ̀pọ̀ èèyàn! Ṣùgbọ́n mo rí i pé gòjé náà bò ọ́ bí kọ́tìnì, mo bá fara mọ́ ọn. Ẹ fà á, ẹ fà á, ẹ dúró, kò sì sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Inú bí mi. Mo dìde, mo pàtẹ́wọ́, mo ké pé ọmọ mi nìyẹn, ẹ̀yin aláìmoore! Gbogbo ilé ní “ṣíì”. Ìyá àgbà ní orin ò tíì tán, pé ẹ kàn ń mí ni.

Ìgbà tó wá ku ìwọ nìkan, tí gòjé ń sọ̀rọ̀ nísàlẹ̀ bí ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún, mo wo ẹ̀gbẹ́ mi. Apá bàbá rẹ ti tú. Ó gbójú sókè, ó ń fi apá ẹ̀wù nu ojú. Mo ní kí ló dé, ó ní òrùlé ń jò. Òjò ò sì rọ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Lọ́jọ́ kejì tí a yà síbi tó o ti ń kọ́ àwọn ọmọdé, ó ní ẹ̀yìn fèrèsé lòun máa dúró sí. Èmi wọlé. Ọmọbìnrin kékeré kan fa gòjé kékeré rẹ̀ bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo rí, mo ti ń wá òróró nínú báàgì mi kí n fi ràn án lọ́wọ́. O ò nà án, o kàn tọ́ ìgúnpá rẹ̀ sọ́nà, ó sì dùn díẹ̀. O ní bó bá dàgbà ó máa gba gòjé ńlá. Èmi ti rò pé igi náà ló máa dàgbà. Bàbá onírun ewú tó mú un wá sọ fún ọ pé, “Ẹ ṣé o, mà.” Inú bọ́ọ̀sì la wà nígbà tí bàbá rẹ tó lanu, ó ní ṣé mo gbọ́ pé àgbàlagbà yẹn ń fi “ẹ” bá ọmọ wa sọ̀rọ̀. Láàárọ̀ àná, ó lé àwọn ẹlẹ́jọ́ ilẹ̀ padà, ó ní kí wọ́n wá lọ́yà mìíràn, ọmọ òun níṣẹ́ lọ́wọ́.

Jọ̀wọ́, fi owó ránṣẹ́. Ẹni tó ń tún fóònù ṣe ní dátà la máa rà ká tó lè máa gbọ́ orin rẹ lórí fóònù. Mo gbé ìgò lọ kó bù ú sí i, ó ń fi mí rẹ́rìn-ín. Fi ti bàtà bàbá rẹ kún un, ó ní sálúbàtà ò yẹ ibi orin.

Ọlọ́run tó fún ọ ní orin á fún ọ ní ẹni tó máa gbọ́ ọ. Okùn gòjé lè já, okùn ẹ̀mí rẹ kò ní já.

Èmi ni, ìyá rẹ.

Mo ti fẹ́ lẹ lẹ́tà yìí pa kí bàbá rẹ tó gba bírò lọ́wọ́ mi. Ọwọ́ rẹ̀ nìyí:

Ọkùnrin tó dúró síwájú yín níbi orin, tó kọ̀yìn sí wa yẹn, tó ń fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ halẹ̀ mọ́ gbogbo yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kí lẹ ṣe fún un? Mo ń wò ó. Bó bá fi kàn ọ́ lára lọ́jọ́ kan ṣoṣo, pè mí. Màá wá.