Omi Drina Tí Mo Fi Rán Radenko

Milunka, ọmọ mi àtàtà,

Ṣé ara le? Ṣé o ń jẹun kánú, àbí Beograd ti jẹ́ kí eegun rẹ yọ? Ọlọ́run á dá ọ sí fún wa, Jọ́ọ̀jì Mímọ́ á fi ẹṣin rẹ̀ ṣọ́ ọ. Àlàáfíà ni àwa náà wà, àfi orúnkún Vidoje bàbá rẹ tó ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ òjò, ewúrẹ́ sì ti bí ìbejì.

Láti ọjọ́ tí o ti sọ pé iṣẹ́ ò ní jẹ́ kí o wálé ọdún Jọ́ọ̀jì Mímọ́, pé àárò odò Drina sì ń sọ ọ́, oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun mi mọ́. Mo ní kí bàbá rẹ na fóònù sódò kí o lè rí àwọ̀ ewé rẹ̀. Àwọ̀ eérú ni fóònù yà! Mo fi ọtí rakija nu ojú rẹ̀, eérú náà ni. Bàbá rẹ ní ojú ọ̀run ló ṣú, ṣùgbọ́n èmi mọ̀ pé ojú ló ń dun fóònù yẹn.

Ni mo bá pọn omi sínú ìgò, kí o lè fi bọ́jú láàárọ̀ ọdún bíi gbogbo ọmọbìnrin ibí. Háà, kò láwọ̀ kankan! Mo dà á nù, mo tún pọn ti ibi tó jìn, bákan náà ni. Radenko tó ń wa bọ́ọ̀sì Beograd ní ṣé kí òun dúró dè é kó pọ́n ni. Mo ṣáà fi lé e lọ́wọ́ pẹ̀lú wàràkàṣì rẹ.

O rẹ́rìn-ín lórí fóònù nígbà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ. O ní omi ìgò kéré jù, pé ó gbọ́dọ̀ pọ̀ kó sì jìn kó tó lè gbé pupa inú ìmọ́lẹ̀ oòrùn mì, kí ìyẹ̀fun òkúta funfun òkè wa wá da ìyókù padà sójú wa. Àti pé ẹrẹ̀ ló ń sọ ọ́ di kọfí lẹ́yìn òjò. Èmi gbà. Bàbá rẹ ní bómi bá ń gbé pupa mì, kí ló dé tí ọbẹ̀ ata òun fi pupa dé ìsàlẹ̀ abọ́?

Ṣùgbọ́n o sunkún lẹ́yìn ẹ̀rín yẹn, Milunka. Fóònù ò mọ àwọ̀, ó mọ ẹkún.

Jọ̀ọ́, owó oògùn orúnkún bàbá rẹ ti tán. Má fi sí báńkì o, níjọ́sí mo ní kí ọmọbìnrin ibẹ̀ fún mi ní èyí tí o fọwọ́ kàn gan-an, òmíràn ló kó fún mi. Má fi rán Radenko. Ìwọ ni kó o mú un wá. Bí kò bá sí owó, ìwọ ṣáà máa bọ̀. Da omi ìgò yẹn sídìí òdòdó.

Ọlọ́run á gbé ẹsẹ̀ rẹ wálé. Láàárọ̀ ọdún, etí odò ni kí o ti wá mi, màá ti mú aṣọ ìnujú rẹ dání.

Èmi ìyá rẹ,
Stojanka