Mo Kúnlẹ̀ Níbi Ìdánwò Sẹtifíkà

Bàbá mi, Bàbá onílẹ̀kẹ̀,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Orí ẹní yín tó wà lẹ́bàá fèrèsé ni mo wà, àpótí ìlẹ̀kẹ̀ yín ni mo fi ṣe tábìlì. Ìyá mi ti bá mi wí títí, ó ní àga ń bẹ nílé, eékún mi á dúdú. Mo kàn ń wò wọ́n ni. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ kò ṣeé jókòó sọ.

Mo ti ṣe ìdánwò sẹtifíkà náà. Ẹ ní sùúrù kí n rò ó bó ṣe lọ, torí mo mọ̀ yín, ìdí ọ̀rọ̀ lẹ máa ń fẹ́ kọ́kọ́ gbọ́.

Lẹ́yìn tí ẹ papò dà ni wọ́n yí òfin ìdánwò padà. Nígbà tí ẹ wà, bí ọmọ bá ti lè kọ ohun tí tíṣà bá kà sí i létí láìṣì í, tó sì mọ ìṣirò, ó bùṣe, wọ́n á fún un ní sẹtifíkà. Ọdún yìí ni àṣẹ dé láti ọ́fíìsì ìjọba pé ìwé kíkọ nìkan kò tó mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ jáde gbọ́dọ̀ lọ síwájú àwọn olùdánwò, kí wọ́n máa bi í léèrè, kó máa fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn ní Faransé. Bí ẹnu bá kùnà, ìwé tó kọ dáadáa kò lè gbà á. Àyà gbogbo wa já. Ohùn mi kì í jáde níwájú àgbà, ẹ̀yin náà mọ̀. Ẹ máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí mo bá ń kí àlejò, àfi kí àlejò ó bẹ̀rẹ̀ wá gbọ́ ọ.

Bàbá Kékeré, àbúrò yín, kò sì fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Wọ́n ní bí mo bá fìdí rẹmi, kò sí pé à ń tún un ṣe, ìsọ̀ ìlẹ̀kẹ̀ wa ní àdúgbò Bè, ní Lomé níbí, ni màá jókòó sí títí ọkọ á fi dé. Mi ò bínú sí wọn. Ẹnu tó ń jẹun nílé pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ ní màá di agbẹ̀bí ní ilé ìwòsàn ìjọba, láti ọjọ́ tí ìyá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sórí ìkúnlẹ̀ abiyamọ. Wọn kì í sì í gba ẹni tí kò ní sẹtifíkà síbẹ̀. Ṣé ẹ rí mi ní gbogbo ìgbà tí mò ń kàwé? Èmi ń rí yín.

Bàbá mi, gbọ̀ngàn ìdánwò yẹn ga. Òkun ń dún lẹ́yìn ògiri, síbẹ̀ inú ibẹ̀ pa rọ́rọ́ débi pé mò ń gbọ́ ìró ìwé bí wọ́n ṣe ń ṣí i. Àwọn òyìnbó jókòó sídìí tábìlì gígùn kan, wọ́n to akẹtẹ̀ wọn síwájú. Èèyàn dúdú kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn, tíṣà àgbà kan tó wá láti Atakpamé, tí gbogbo ọmọ ilé ìwé ń bẹ̀rù. Òun ló le jù nínú àwọn tó ń fi igi ìtìjú kọ́ ọmọ lọ́rùn bí ọmọ bá sọ èdè ilé ní ilé ìwé. Ẹ rántí ọjọ́ tí mo gbé irú igi bẹ́ẹ̀ wálé, tí ẹ ń yí i lọ́wọ́ títí, tí ẹ ń bèèrè ohun tí èdè wa ṣe fún wọn?

Wọ́n pe orúkọ mi. Mo wọlé, mo fi Faransé kí wọn pé bọ́ńjúù, eékún mi sì ti dé ilẹ̀ kí n tó rò ó. Kò sẹ́ni tó jẹ́ ìkíni mi bí àgbà ṣe ń jẹ́ ẹ. Ìbéèrè ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Báwo ni màá ṣe dìde? Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé bí ọmọ bá kúnlẹ̀ kí àgbà, ó di ìgbà tí àgbà bá dá a lóhùn kó tó dìde. Ẹ rántí ìgbà tí ẹ ń bá oníbàárà yín fa ọ̀rọ̀, tí ẹ gbàgbé mi sórí eékún, tí ìyá mi wá rán yín létí, tí ẹ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú yín?

Kò sí ìyá mi níbẹ̀ láti rán àwọn òyìnbó létí. Ọ̀gá wọn ní kí n ka àwọn ìlú tí rélùwéè ń gbà kọjá láti Lomé. Mo mọ̀ ọ́n, àmọ́ ilẹ̀ ni mò ń wò, ohùn kò jáde. Ojú rẹ̀ pọ́n. Mo gbọ́ tó ń sọ fún ẹnì kejì rẹ̀ pé ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀, pé a kì í fi ẹ̀bẹ̀ gba sẹtifíkà. Ó gbé kálàmù láti fa igi lé orúkọ mi. Mo rí ìsọ̀ Bè níwájú mi kedere.

Ni tíṣà àgbà yẹn bá dìde. Ó jẹ́ ìkíni mi, Bàbá mi. Èdè Ifẹ̀ ti Atakpamé ló fi jẹ́ ẹ. Ohùn wọn yàtọ̀ díẹ̀ sí Yorùbá tiwa, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí mi ò gbọ́ níbẹ̀. Ó ṣàdúrà fún mi, ó pè mí ní ọmọ òun, ó ní kí n dìde. Nínú gbọ̀ngàn yẹn, lójú gbogbo wọn. Mo ti rí ọkọ̀ òkun ńlá, mo ti rí iná mànàmáná, kò sí èyí tó bà mí lẹ́rù tó sì dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó wá kọjú sí àwọn òyìnbó, ó fi Faransé ṣàlàyé fún wọn pé ìkíni ni, kì í ṣe ẹ̀bẹ̀, ó sì jókòó. Ta ni yóò fi igi kọ́ òun náà lọ́rùn?

Bí mo ṣe dìde ni ohùn jáde. Mo ka àwọn ìlú náà bí ẹ ṣe máa ń kà wọ́n nígbà tí ẹ bá ń di ẹrù, tí ẹ ń gbá àpótí bí ẹ bá ti dárúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan: Tsévié, Agbélouvé, Nuatja, títí dé Atakpamé. Ọwọ́ mi ń gbá itan mi bí mo ṣe ń kà á. Ọ̀gá òyìnbó rọra fi kálàmù sílẹ̀.

Mo yege. Wọ́n pe orúkọ mi ní gbangba. Bàbá Kékeré ti ròyìn rẹ̀ yí mọ́ṣáláṣí ká, ẹ máa rò pé àwọn ni wọ́n lọ ṣe ìdánwò. Èmi àti ìyá mi lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ tíṣà àgbà náà. Faransé ló fi dá wa lóhùn, ojú rẹ̀ le koko bíi ti tẹ́lẹ̀, bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Títí di ìsinsìnyí, ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn ṣì ń yà mí lẹ́nu.

Láìpẹ́ màá wọ ilé ìwòsàn lọ kọ́ iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ kí n ṣe. Ilẹ̀ ti ń ṣú, ìyá mi tún ti ń pè mí pé kí n dìde wá jẹun. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fún wọn lésì. Wọn kọ́ ni mo kí. Ẹ̀yin ni mo kí, Bàbá mi, ẹ ò sì tíì jẹ́ ìkíni mi.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin, tó fẹ́ràn yín, tó ṣì wà lórí eékún.