Ìwọ̀n Tí Ọ̀gá Fẹ́ Kó Máa Dán

Ẹ̀gbọ́n mi Sálámátù, mo kí yín, mo kí Alájì ọkọ yín àtàwọn ọmọ. Orúnkún ń dun Màmá. Ẹnu nìkan ni ò dùn wọ́n.

Ìwọ̀n onírin tá a máa ń gbé lé irin rélùwéè níbi iṣẹ́ láti wo bó ṣe jẹ tó, ọ̀gá wa fẹ́ kó máa dán. La bá ń fi yanrìn fọ̀ ọ́ títí òun náà fi jẹ. Irin tó ti jẹ wá ń bá a mu wẹ́kú.

Lánàá, rélùwéè tó kó ẹrù fì sọ́tùn-ún, fì sósì, ó ṣubú. Ó pa Yísà ọ̀rẹ́ mi. Ọ̀gá tún gbé ìwọ̀n lé irin, ó ní, "Irin ò ṣe nǹkan kan, Àlàó. Lọ fọ ìwọ̀n yìí, ó ti dọ̀tí."

Mo fọ̀ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó àwọn ọmọ wọ rélùwéè wá ṣọdún Iléyá. Lọ́rì ni kẹ́ ẹ wọ̀. Ọlọ́hun á jẹ́ ká fojú rínjú.